Chips ti fẹ́ tán lọ́wọ́ mi, mo ṣì ń retí káàdì gidi: níbo ni mo ti ṣì í?

OmoBodija_Peckham:
Ẹ̀yin àgbà póka, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnìkan bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí nítorí ó ti ń dùn mí láti Thursday.

Casino kan wà ní London níbí tí mo máa ń lọ, wọ́n máa ń ṣe tournament £40 lálẹ́ Thursday, no-limit hold'em (káàdì méjì lọ́wọ́ kálukú, márùn-ún nílẹ̀ fún gbogbo wa, o sì lè fi gbogbo chips ẹ ta lẹ́ẹ̀kan náà), kì í ṣe nǹkan ńlá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá àwa 42 la bẹ̀rẹ̀, 15,000 chips ni kálukú gbà, ẹni mẹ́fà péré ló máa gbowó. Mo rọra ń ṣe títí a fi ku 14, tébù méjì, ẹni méje méje. Ìgbà yẹn blind, chips tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rí káàdì, ti di 1,000/2,000 (small blind àti big blind), ẹni tó bá wà ní big blind ló tún máa san ante, àfikún 2,000, fún gbogbo tébù. 24,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kò burú, mo ṣì lè ní sùúrù.

Wàyí o. Èmi ni mo kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀, mo rí 4-4, mo ní rárá, èèyàn mẹ́fà ló wà lẹ́yìn mi, mo fold, mo ju káàdì nù. Mo san big blind mi. Ó kàn mí ní small blind, gbogbo wọn fold títí dé ọ̀dọ̀ mi, ó ku èmi àti ọmọdékùnrin kan tó fi headphone sétí, mo wo káàdì mi, K-9, mo ní K-9 kẹ̀, mo fold. Èyí tó tẹ̀lé e mo wà ní button, ibi tó jẹ́ pé àwọn blind méjèèjì nìkan ló kù lẹ́yìn mi, A-6, àmì wọn ò jọra, mo fold. Mo tún rí Q-J suited, àmì kan náà, ṣùgbọ́n bàbá kan ará Cyprus tó jẹ́ pé bóyá òun ni wọ́n fi ṣílé casino náà ti raise, ó ti fi chips kún un, kó tó kàn mí, mo fold. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ mo ti ku 14,000, ni wọ́n bá gbé blind sókè, 1,500/3,000, ante 3,000. Mo ṣì ń sọ nínú ara mi pé kí Ọlọ́run ṣáà fún mi ní A-K kan péré. Big blind kó 6,000 lọ, small blind kó 1,500, ó ku 6,500. Ìgbà yẹn ni mo wá rí A-4, mo ní all-in, gbogbo tó kù lọ́wọ́ mi! Ohùn mi tiẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó wà ní button ò wò mí lójú tó fi call, ó fi iye kan náà síbẹ̀. Big blind náà wo káàdì ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ju 3,500 tó kù síbẹ̀. J-10 ni ti àkọ́kọ́, 7-5 ni ti ìkejì. 7-5 o! 9-5-2 ló jáde ní flop, K tẹ̀lé e ní turn, 7 ló kẹ́yìn ní river. Mo dìde.

Bí mo ṣe ń wọ kóòtù mi ni bàbá ará Cyprus yẹn bá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n má banújẹ́, ó ti tó wákàtí kan tí mo ti kú, ìròyìn ni ò tíì dé etí mi. Gbogbo tébù bú sẹ́rìn-ín.

Ṣé òótọ́ ló sọ? Kí ni ǹ bá ti ṣe? Mi ò ṣáà rí káàdì.


Egbon_Houston:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Bàbá yẹn ò purọ́ mọ́ ẹ, àfi pé ẹnu ẹ̀ mú.

O ní o ò rí káàdì. O rí káàdì, ẹ̀ẹ̀mẹta lo rí i tí o dà á nù.

Kọ́kọ́ fi kíka chips sílẹ̀, big blind ni kó o máa kà. 24,000 ń dún bí owó létí, ṣùgbọ́n tí big blind bá ti jẹ́ 2,000, méjìlá péré lo ní. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gba 5,000 lọ́wọ́ ẹ, o ta o, o ò ta o, ẹ sì jẹ́ méje lórí tébù, ìyẹn ni pé ní ọwọ́ méje méje ni wọ́n ń wá gba owó orí yẹn. Kódà tí wọn ò bá gbé blind sókè rárá, bíi ọwọ́ 33 ló kù fún ẹ láyé. Wá wò ó, A-A, K-K, Q-Q àti A-K, tí o bá pa gbogbo wọn pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọwọ́ 39 ni wọ́n ń wá. O dà bí oníyọ̀ tó gbé igbá jókòó sínú òjò, tó ní oníbàárà gidi lòun ń retí.

Ìkejì, èyí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó kọ́kọ́ ti all-in síwájú, ọ̀nà méjì ló ní láti jẹ: kí wọ́n sá, tàbí kí wọ́n pè é kí káàdì ẹ̀ ṣẹ́gun. Ẹni tó ń pe all-in ẹlòmíì, ọ̀nà kan ló ní. Tí chips ẹ bá ti kéré, ẹ̀rù lò ń tà. Bíi tòmátò sì ni, àárọ̀ ló níye lórí. Tó o bá ní big blind mẹ́wàá sí méjìlá tó o tì í síwájú, ẹni tó ní 40,000 máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí tó bá pàdánù ìdajì nǹkan ẹ̀ ti lọ. Tó bá ti di big blind méjì bíi tìẹ yẹn, tòmátò ti jẹrà nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù ẹ. Má bínú sí ẹni tó ní 7-5. 20,500 ló wà nílẹ̀ nígbà tó kàn án, 3,500 ni wọ́n ní kó fi kún un, tó bá ti lè jẹ ìgbà 15 nínú 100 ó ti jèrè, 7-5 ẹ̀ sì ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa níwájú A-4 àti J-10. Èmi náà á call, ìyá mi tí kò mọ póka á call.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò A-6 yẹn torí òun ló dùn mí jù. 19,000 ló kù lọ́wọ́ ẹ, o wà ní button, èèyàn méjì péré ló kù lẹ́yìn ẹ, 5,000 ló wà nílẹ̀. Ká ní o tì í síwájú. Ká ní nínú ìgbà 100, ìgbà 65 ni àwọn méjèèjì á sá, o mú 5,000 láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí káàdì ẹ. Ìgbà 35 tó kù, big blind pè ẹ́, jẹ́ ká tiẹ̀ ṣẹ́ ẹ jẹ, ká ní ìgbà 38 nínú 100 péré lo máa jẹ nígbà tó bá pè ẹ́. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ á di 41,000, ìpín tìẹ nínú ẹ̀ jẹ́ 15,580, o fi 19,000 síbẹ̀, àdánù 3,420 nìyẹn. Pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, èrè 2,053 ló kù fún ẹ nínú ọwọ́ ẹyọ kan, ó ju big blind kan lọ. Kódà kó jẹ́ ìgbà 41 nínú 100 ni wọ́n ń sá, o ò pàdánù. Ìwọ sọ ọ́ nù bí ẹni sọ páálí.

K-9 ní small blind tún wá burú jùyẹn lọ torí ẹnì kan ṣoṣo ló kù níwájú ẹ. 4-4 náà, pẹ̀lú big blind méjìlá lórí tébù ẹni méje, all-in ni. Q-J yẹn nìkan ni mo gbà fún ẹ, ẹlòmíì ti raise, àgbàlagbà tí kì í ṣeré sì ni, ó dáa bó o ṣe sá.


SisiYaba:
Ẹ̀gbọ́n ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀kọ́ gidi lẹ kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àbúrò yìí lọ máa ju chips bí ọmọ tó ń ju òkò sí máńgòrò o. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Fóònù lèmi fi ń ta tèmi ní Yaba níbí, tournament tí kò gba owó àti àwọn tó ń gba dọ́là kan méjì, mo ti ta wọn débi pé mo lè fojú mọ ẹni tó máa kú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. A-6 tí ẹ ní kó tì síwájú ní button yẹn, tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló kọ́kọ́ ti all-in síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ tébù, ẹ sọ ọ́ fún un pé kó sá! A-6 kan náà o. Torí ẹni tó ti ibẹ̀ yẹn ṣe all-in, A tó ju tìẹ lọ ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀. A-6 níwájú A-K, bíi ìgbà 27 nínú 100 ló ń jẹ. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé 9-8 suited níwájú A-K kan náà ń jẹ bíi 40, torí káàdì tiẹ̀ ò há sábẹ́ ti ẹlòmíì. Àwa tá a fẹ́ràn A ju ẹ̀mí wa lọ, ibẹ̀ ló ti ń pa wá.

Ìkejì, ẹ wo iye èèyàn tó kù àti iye tó ń gbowó. Ẹ̀yin 14, ẹni mẹ́fà ló ń gbowó, kò tíì sún mọ́ rárá, ti gbogbo ẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ku méje, tẹ́nìkan sì wà lórí tébù tí chips ẹ̀ ò tó big blind kan, àbúrò mi, jókòó jẹ́ẹ́. Jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ ná. Chips tí o máa jẹ níbẹ̀ ò tó iyì chips tí o máa pàdánù.

Èmi nìyí lóṣù méjì sẹ́yìn, satellite, tournament tó jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì tournament tó jù ú lọ lèrè ẹ̀, tí ẹni márùn-ún máa gba tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, kò sí ti ẹnìkíní kò sí ti ẹnìkarùn-ún, dọ́gbadọ́gba ni. A ku mẹ́fà. Iná ò sí, fóònù mi wà ní 9%, mo ti dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù débi pé mo ń fi ọwọ́ bo ojú kí n tó lè rí káàdì. Big blind mẹ́sàn-án ló kù lọ́wọ́ mi, ẹnìkan wà tó ku ìdajì big blind, òun ló sì máa san big blind lọ́wọ́ tó kàn. Ẹni tó ní chips jù bá ti gbogbo ẹ̀ síwájú. Mo wo káàdì mi: K-K. Mo fold K-K! Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lọ́wọ́ tó tẹ̀lé e gan-an onídajì yẹn kú, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì mi, fóònù kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Àbúrò mi ọkùnrin ní mo ya wèrè pé mo ju K-K nù. Kó máa wí.


OmoBodija_Peckham:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun Sisi. Ojú ti ń là mí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ all-in ṣáá? Ṣé mi ò lè raise kékeré, bíi 4,400, kí n wo ojú wọn, tẹ́nìkan bá bínú kí n sá?


Egbon_Houston:
Ìbéèrè gidi. Ká ní 20,000 ló wà lọ́wọ́ ẹ, o fi 4,400 síwájú, button wá ní all-in lé ẹ lórí. Wò ó báyìí: 4,400 tìẹ, 20,000 tiẹ̀, 5,000 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, 29,400 nìyẹn, wọ́n ní kó o fi 15,600 kún un. Tó o bá lè jẹ ìgbà 35 nínú 100 o gbọ́dọ̀ pè é, ọ̀pọ̀ káàdì tó o bá fi raise náà ló sì ń tó bẹ́ẹ̀. Bó o bá sá, o ti sọ ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀mí ẹ nù, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá pè é, o ti pe all-in tó yẹ kó o fúnra ẹ ṣe, àfi pé òun ló wá ń dẹ́rù bà ẹ́ dípò kó o dẹ́rù bà á. Tó o bá ní big blind 20 sí 25 ni raise kékeré yẹn dáa, o ṣì lè sá níbẹ̀. Láàárín 15 sí 20, ohun tó dùn jù ni kó o jẹ́ kí ẹni tó máa ń fi káàdì kí káàdì raise kọ́kọ́ raise, kó o wá ti gbogbo tìẹ lé e lórí.


Omo_Olopon:
Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mo ní kí n má dá sí i ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi.

Ìdí ọpọ́n ayò ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi máa ń ta á níwájú ilé, tọ́mọ ayò ẹ̀ bá ti kéré gan-an ló máa ń yára ta, ọ̀pẹ ló máa ń jókòó sún ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ọjà. Mo dé ìdí póka mo tún bá nǹkan kan náà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àwọn èèyàn máa ń fi ìtàn Jack Straus tan ara wọn jẹ, pé chip kan àti àga ti tó. Ìtàn náà jẹ́ òótọ́ o. Ọdún 1982, ìdíje póka ńlá World Series of Poker ní Las Vegas, ní casino Binion's Horseshoe, àwọn 104 ló bá ara wọn díje. Straus, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Treetop, ti chips ẹ̀ síwájú, ó pàdánù, ó ti dìde, ló bá rí i pé chip 500 kan ṣì wà nílẹ̀. Nítorí kò fẹnu sọ all-in, wọ́n ní kó jókòó padà. Ẹni tí gbogbo èèyàn ti ń kí ní ó dàbọ̀ ló wá gba ipò kìíní, $520,000. Báwo lẹ rò pé ó ṣe é? Ó rí chip kan yẹn, ó fi ta, ó di méjì, ó tún fi ta. Tó bá jókòó ti 500 kan yẹn tó ń retí A-K ni, blind ni ì bá jẹ ẹ́, a ò sì ní mọ orúkọ ẹ̀ lónìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni èèyàn mélòó ló ku chip kan tí a ò gbọ́ ìtàn wọn? Ìwọ má dúró débi chip kan.

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas, Robstown yín tí ìpínlẹ̀ gbà ní 2007 pé ibẹ̀ ni Texas hold'em ti ṣẹ̀, ṣé ẹ ti débẹ̀?


Egbon_Houston:
Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Corpus Christi. Oko òwú ni mo rí 😂


Cash_Ni_Temi:
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ti tournament ni o. Àbúrò, tó o bá kúrò nídìí tournament tó o bọ́ sí tébù cash, níbi tí chips ti jẹ́ owó gidi, pẹ̀lú £60 ní blind £1/£2, má gbé ìwà yìí dání. Ibẹ̀ yẹn blind kì í gòkè, kò sẹ́ni tó ń lé ẹ, o lè jókòó retí káàdì títí ilẹ̀ á fi mọ́, tó bá sì tán o lè ra òmíràn (tó bá jẹ́ owó tó o yà sọ́tọ̀ ni o, kì í ṣe owó ilé). £60 yẹn, big blind 30 ni. Àwọn káàdì tó lẹ́wà lójú ló ń pa ẹni tó bá jókòó pẹ̀lú owó kékeré níbẹ̀, 3-3, 6-5 suited. Fi £8 pe raise pẹ̀lú 3-3, ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi mẹ́jọ àbọ̀ ni 3 ìkẹta máa wá ní flop. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá wá yẹn gbọ́dọ̀ san gbèsè ìgbà méje àbọ̀ tí kò wá, £60 nìyẹn. £52 péré ló kù lọ́wọ́ ẹ! Àfi kí ẹnì kejì kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ ní gbogbo ìgbà, ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ẹni tó ní £300 níwájú lè fi 3-3 ṣeré. Ìwọ, A-K, A-Q, 9-9 sókè, raise, flop dé, tó bá bá ẹ lára mu kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, ó parí. Ó máa ń sú èèyàn ṣá, mi ò ní parọ́.


SisiYaba:
@Cash "káàdì tó lẹ́wà lójú" 😂😂 ẹ ti bú mi


OmoBodija_Peckham:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo padà lọ ní Thursday àná. A jẹ́ 38, ẹni mẹ́fà ló tún ń gbowó. Nígbà tá a ku 11 big blind 11 ló wà lọ́wọ́ mi, mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú báírò kí chips má bàa tàn mí jẹ. Gbogbo wọn sá débi small blind mi, mo wò ó, K-8. Àyà mi ń já. Mo tì í síwájú láìsọ̀rọ̀. Arábìnrin tó wà ní big blind yẹn wo káàdì ẹ̀, ó wò mí, ó tún wo káàdì, ó fi chips ẹ̀ ṣeré lọ́wọ́ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, mo rò pé ọdún kan ni. Ó fi Q-10 hàn mí, ó jù ú sílẹ̀. Mo gba blind. Lọ́wọ́ kẹta mo tún tì í, A-3 ní button, wọ́n tún sá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é láìjẹ́ pé ẹnì kankan rí káàdì mi, kò sí A-K kankan o, káàdì gbogbo alẹ́ yẹn ò dáa ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

A wá ku mẹ́jọ. Mo ní 13, mo rí 5-5, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo tì í. Bàbá ará Cyprus ní òun pè. A-Q. Ojú flop mọ́, turn mọ́, river jẹ́ Q. Ipò kẹjọ, mi ò gba kọ́bọ̀.

Mo dìde, mo wọ kóòtù. Bàbá yẹn dìde náà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní tòní yìí, òun lòun pa mí.


SisiYaba:
5-5 sí A-Q, ìwọ lo wà níwájú, ìgbà 54 nínú 100. Thursday tó ń bọ̀ ńkọ́?


OmoBodija_Peckham:
Mo ti san £40.